Orlando Martins: Ara Tí Ìjàkadì Mọ, Ẹnu Tí Fíìmù Pa Mọ́

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wá kí mi nílé ní Ìkòyí. (Ìkòyí tiwa níbí, ti ẹ̀gbẹ́ Ìkirè àti Àpòmù, ni mò ń wí o. Ẹ̀yin tí ẹ bá gbọ́ Ìkòyí tí ọkàn yín máa ń sáré lọ sí àdúgbò àwọn olówó l'Ékòó, ẹ rọra.) Ìbàdàn lọmọ náà ń gbé. Irin ló ń gbé ní jíìmù láràárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́, ó sì ti gbé e débi pé ẹ̀wù kò fẹ́ gba apá rẹ̀ mọ́. Ara yìí làwọn kan rí tí wọ́n fi ní kó wá bá àwọn ṣe fíìmù. Inú rẹ̀ dùn, ó sọ fún gbogbo ẹbí. Nígbà tó débẹ̀, wọ́n fún un ní jígí dúdú, wọ́n ní kó dúró sẹ́yìn ọ̀gá àwọn jàǹdùkú, kó ká apá mọ́ àyà. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi dúró. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Mo ń wo The Hasty Heart lọ́wọ́ lórí kọ̀ǹpútà nígbà tó wọlé, fíìmù kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde ní 1949. Ó jókòó tì mí, ó wò ó fún bí ìdajì wákàtí. Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sí ọkùnrin dúdú sígbọnlẹ̀ kan tó wà láàárín àwọn aláìsàn inú fíìmù náà, ó ní, "Bàbá, ṣé ọkùnrin yẹn ò lè sọ̀rọ̀ ni, àbí wọn ò fún un lọ́rọ̀ sọ, bíi tèmi?"

Mo ní, "Ọmọ Èkó ni. Ó gbọ́ Yorùbá, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì."

Ó wò mí bíi pé mo ń pa á lálọ́.

Orlando Martins lorúkọ ọkùnrin náà. Ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 1899 ni wọ́n bí i l'Ékòó, nínú ìdílé tó tan mọ́ àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wálé. Ibẹ̀ ni orúkọ Martins ti wá. Ó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi Mauretania nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó sì wá dó sí London ní 1919. Láti ìgbà náà títí di 1959 tó padà wálé, ojú rẹ̀ wà lára àwọn ojú dúdú tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ jù lọ nínú sinimá wọn. Ó wà nínú Sanders of the River (1935), Men of Two Worlds (1946), Simba (1955), Tarzan and the Lost Safari (1957), The Nun's Story (1959), àti ọ̀pọ̀ mìíràn tí n ò ní kà tán níbí. Ọdún 1985 ló kú l'Ékòó.

Bí àwọn èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ Orlando Martins lónìí (àwọn tó ṣì ń sọ ọ́ kò pọ̀), ohun tí ẹnu wọn kọ́kọ́ máa ń bà ni pé ara rẹ̀ ló gbé e débẹ̀. Ó ga, ó fẹ̀ láyà, ohùn rẹ̀ sì ń ti ìsàlẹ̀ ikùn wá. Òótọ́ ni, àmọ́ òótọ́ náà kò pé. Ara tí ìjàkadì mọ fún un ló ṣí ilẹ̀kùn sinimá fún un. Ara yẹn kan náà ni wọ́n sì fi pa á lẹ́nu mọ́. Mo sì fẹ́ fi kún un pé ohun tó dára jù nínú eré rẹ̀ kì í ṣe ìbú àyà. Bó ṣe máa ń dúró ni.

Ẹ má jẹ́ ká rò pé ó lọ sí jíìmù bíi ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi o. Ní London, ó ṣe alábàárù ní Billingsgate, ọjà ẹja ńlá tí wọ́n ń ná láti òwúrọ̀ kùtù. Ó ṣe ọdẹ alẹ́. Ó bá ẹgbẹ́ Sanger rìn, àwọn eléré tó ń kó ẹranko kiri ìlú, níbi tó ti ń fi ejò dárà. Ó sì ja ìjàkadì olówó. Orúkọ tí Yorùbá ìwé fún ohun tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe ni eré ìdárayá, pé èèyàn ń ṣeré kí ara lè yá. N ò lè fi orúkọ yẹn pe ti Orlando. Ẹrù ẹja kì í ṣe eré. Oúnjẹ òòjọ́ ló ń wá, ara sì ń le bó ṣe ń wá a.

Orúkọ tó fi jà ní ojú agbo ni Black Butcher Johnson. Iṣẹ́ mi ni láti wo orúkọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara dà á fún mi. Alápatà Dúdú Johnson! Kò sí Orlando níbẹ̀, kò sí Martins, kò sí Èkó, kò sí Brazil. Ẹni tó bá gbọ́ Johnson lákòókò yẹn pẹ̀lú ọkùnrin dúdú nínú eré ìjà, Jack Johnson ni yóò rántí, ọmọ Amẹ́ríkà tó jẹ́ adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gba ipò akọni àgbáyé nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn fún àwọn tó wúwo jù, láti 1908 sí 1915. Wọ́n yá orúkọ ẹni ẹlẹ́ni fún un, wọ́n fi àwọ̀ ara rẹ̀ síwájú, wọ́n fi ọ̀bẹ alápatà sáàárín. Lọ́dọ̀ tiwa, alápatà kì í ba èèyàn lẹ́rù. Ẹni tí a ń bẹ̀ pé kó fún wa ní ẹran tí kò légungun ni. Bí akọni bá ṣẹ́gun lọ́dọ̀ wa, oríkì la ó fi kún orúkọ rẹ̀, a ò ní gba orúkọ tó ti ń jẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ ìjàkadì yìí ni mo kà sí fíìmù àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe nípa Orlando, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kámẹ́rà kò sí níbẹ̀.

Àmọ́ ìjàkadì kò fún un ní iṣan nìkan. Nígbà tí mo wà ní kékeré, alẹ́ òṣùpá la máa ń ja ìjàkadì níta ilé wa. Mo tín-ín-rín nígbà náà, ilẹ̀ sì mọ ẹ̀yìn mi dáadáa. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀, yàtọ̀ sí ìyà, ni pé ẹni tí ẹran ara rẹ̀ pọ̀ jù kọ́ ló máa ń dá ẹlòmíràn. Ẹni tó mọ ẹsẹ̀ rẹ̀ í fìdí múlẹ̀ ni. Yóò tẹ orúnkún díẹ̀, yóò sọ ara kalẹ̀, yóò máa wo àyà ẹnìkejì dípò ojú rẹ̀, yóò sì ní sùúrù. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ya wọlé wọ̀ọ́, òun ni wọ́n máa fi ẹsẹ̀ kọ́ lẹ́sẹ̀.

Sí èyí ni ìjàkadì olówó ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi tíátà kún. Nínú gbọ̀ngàn tó kún, ẹni tó jókòó sí ìlà tó kẹ́yìn gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ó dun oníjàkadì, tàbí pé inú ń bí i, tàbí pé ó fẹ́ ṣe màgòmágó. Ariwo ti pọ̀ jù, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. Ọrùn, ẹ̀yìn àti èjìká ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ní ẹ̀kọ́ yìí lọ́kàn, ẹ óò rí i pé ohun tí àwọn olùdarí fíìmù wá ń béèrè lọ́wọ́ Orlando kò yàtọ̀ sí ohun tí gbọ̀ngàn ìjàkadì ti kọ́ ọ: ṣe é kí wọ́n rí i, má sọ ọ́.

Òun nìkan kọ́ o. Ẹ wo àwọn ọkùnrin dúdú mẹ́ta tí sinimá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé síwájú láàárín 1930 sí 1950. Paul Robeson, ọmọ Amẹ́ríkà, gba bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà (èyí tí wọ́n máa ń fi ọwọ́ gbé sáré) ní yunifásítì Rutgers, wọ́n sì yàn án mọ́ àwọn tó gbá a dára jù ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà ní 1917 àti 1918. Robert Adams, ọmọ Guyana, jà ìjàkadì pẹ̀lú orúkọ Black Eagle. Ẹnì kẹta ni Orlando tiwa. Agbábọ́ọ̀lù kan, oníjàkadì méjì. Robeson gboyè òfin ní Columbia ní 1923. Adams ti ṣe olùkọ́ kó tó dé London. Bó ti wù kí ìwé wọn pọ̀ tó, àyà wọn ni wọ́n fi wọlé.

Nínú Sanders of the River ni Robeson ti ṣe Bosambo, ìjòyè tó ń kọrin ìyìn fún ìjọba àwọn òyìnbó; òun fúnra rẹ̀ padà kórìíra fíìmù náà. Orlando wà níbẹ̀ pẹ̀lú ipa kékeré. Orúkọ tí wọ́n fún un ni K'Lova. Nígbà tó tún di 1951, nínú Where No Vultures Fly, orúkọ rẹ̀ di M'Kwongwi, ó sì tún jẹ́ orúkọ yẹn nínú West of Zanzibar ní 1954. Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní ìmọ̀ gírámà, ẹ wo àmì tó wà lẹ́yìn K àti M yẹn. Lọ́dọ̀ wa, bí a bá kọ "l'Ékòó", àmì náà ń sọ pé ìró kan ti pa jẹ. Kí ló pa jẹ nínú K'Lova? Kò sí nǹkan kan. Ọ̀ṣọ́ ni wọ́n fi ṣe, kí ẹni tó bá kà á lè mọ̀ pé aláwọ̀ dúdú ló ń jẹ́ ẹ. Mo kà á sí ohun kan náà pẹ̀lú ọ̀kọ̀ tí wọ́n máa ń kì bọ àwọn ọmọ Áfíríkà lọ́wọ́ nínú àwọn fíìmù wọ̀nyí.

Men of Two Worlds ni mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀. Thorold Dickinson ló darí rẹ̀. Adams ṣe Kisenga, ọmọ Tanganyika tó ti lo ọdún 15 ní Yúróòpù tó di atẹ dùùrù àti akọrin-sílẹ̀, tó wá padà sílé láti ran ọ̀gá ìjọba agbègbè náà lọ́wọ́. Eṣinṣin tó ń fa àìsàn oorun ti gba ilẹ̀ àwọn èèyàn rẹ̀, ìjọba sì fẹ́ kí wọ́n kó kúrò. Orlando ṣe Magole, oníṣègùn tó ní àwọn ò ní kó, tó sì fi ikú dẹ́rù ba Kisenga títí ara ọkùnrin náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í kú lóòótọ́.

Oníjàkadì méjì dojú kọ ara wọn, ẹnì kankan kò sì gbọdọ̀ jà. Ẹni tí fíìmù fẹ́ ká kà sí ọ̀làjú, wọ́n bo àyà ìjàkadì rẹ̀ mọ́ inú kóòtù, wọ́n gbé dùùrù síwájú rẹ̀, ìka rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ ká wò. Ẹni tí wọ́n fẹ́ ká kà sí òkùnkùn, wọ́n jẹ́ kí gíga rẹ̀ máa bo àwọn tó kù mọ́lẹ̀. Ìwé àti iṣan kò gbọdọ̀ jọ gbé ara ẹnì kan. Mo ti ka ohun tó pọ̀ nípa bí fíìmù yìí ṣe gbìyànjú láti bọ̀wọ̀ fún Áfíríkà ju àwọn tó ṣáájú rẹ̀ lọ, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpín tó pín ara àwọn oníjàkadì méjì yìí, ọ̀kan fún ìka, òmìíràn fún àyà, kò kúrò níbi tí Sanders fi í sí.

Mo ní láti ṣàtúnṣe díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ mi níbí o, nítorí Magole ń sọ̀rọ̀. Ó ń sọ ọ́ dáadáa. Àmọ́ ọ̀rọ̀ èpè ni, ọ̀rọ̀ tí fíìmù ti pinnu tẹ́lẹ̀ pé irọ́ ni. Ẹ wá wo bí Orlando ṣe ṣe é. Kì í lọgun. Ó ń sún mọ́ èèyàn pẹ̀lú sùúrù oníjàkadì, bí ẹni tó mọ̀ pé ẹnìkejì ló máa kọ́kọ́ ṣìṣe, ó sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù Magole fi ń bani ju bí àwọn tó kọ ìtàn náà ṣe yẹ kó rí lọ. Wọ́n fẹ́ kó jẹ́ arúmọjẹ. Orlando ṣe é bí ẹni tó gba ohun tó ń sọ gbọ́.

Èyí tó wá ká mi lára jù ni The Hasty Heart. Ó ti kọ́kọ́ ṣe ipa yìí lórí ìtàgé ní London ní 1945, eré tí John Patrick kọ, kí Vincent Sherman tó darí rẹ̀ bíi fíìmù. Ọsibítù àwọn sójà ní Burma ni, nígbà tí ogun ń parí lọ. Ọmọ Scotland kan tó ń jẹ́ Lachie wà níbẹ̀ (Richard Todd ló ṣe é). Dókítà mọ̀ pé kò ní pẹ́ kú, òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Wọ́n sọ fún àwọn aláìsàn yòókù pé kí wọ́n fà á mọ́ra. Nígbà tí Lachie wá mọ òótọ́, ó bínú: àánú ni gbogbo wọn ń ṣe òun, ẹnì kankan kò fẹ́ràn òun. Ẹni tó wá tú ọ̀rọ̀ náà ni Blossom, ọmọ Áfíríkà, Orlando wa. Blossom fẹ́ fún Lachie ní ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn. Níwọ̀n ìgbà tí Blossom kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò lè mọ̀ pé Lachie ń kú lọ. Nítorí náà ìfẹ́ tirẹ̀ nìkan ni kò ní àánú nínú.

Ẹ tún èyí kà. Gbogbo ìtàn náà dúró lórí àìgbédè ọkùnrin dúdú yẹn. Bó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀bùn rẹ̀ kò jẹ́ nǹkan kan mọ́. Ọ̀rọ̀ kan tó ní lẹ́nu ni "Blossom," ìyẹn òdòdó, ọ̀rọ̀ náà ló sì di orúkọ rẹ̀. Ọkùnrin tó ti gbé London fún ọgbọ̀n ọdún, tí wọ́n bí sí Èkó níbi tí èdè ti ń gun ara wọn, òun ni wọ́n fún ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ó ti le fún onímọ̀ èdè láti jókòó wo. Alẹ́ tí mo kọ́kọ́ wò ó, mo pa kọ̀ǹpútà, mo jáde síta lọ gbatẹ́gùn.

Lórí bẹ́ẹ̀dì tó wà nítòsí ni Ronald Reagan wà, tó ṣe sójà Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Yank. Bẹ́ẹ̀ ni, Reagan yẹn gan-an, tó di ààrẹ lẹ́yìn náà. Àsìkò rẹ̀ ni Orlando kú. Reagan náà ti fi ara ṣiṣẹ́ rí. Nígbà èwe rẹ̀, odò Rock River ní ìpínlẹ̀ Illinois ló ti ń yọ àwọn tó fẹ́ kú sómi, ó sì gbá bọ́ọ̀lù ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wo apá Reagan tó sọ pé ẹni tó ní irú apá yìí kò nílò ọ̀rọ̀. Yank ló ń ṣàlàyé, tó ń bá èèyàn wí, tó ń fi èèyàn ṣẹ̀sín. Apá àti ẹnu ń gbé pọ̀ lára rẹ̀ láìsí ìjà.

Kí wá ni Orlando ṣe pẹ̀lú ipa tí kò lọ́rọ̀? Ó padà sí ojú agbo. Ó gbé ìwúwo rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, kò yára, kò fi orí ṣe gọnkọ-gọnkọ bí àwọn tó ń ṣe ẹni tí kò gbédè ṣe máa ń ṣe. Bí àwọn yòókù bá ń sọ̀rọ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ́ wọn. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó na ìlẹ̀kẹ̀ náà síta, ọwọ́ ńlá yẹn rọ̀, kò sì tètè fà á padà nígbà tí Lachie kọ̀ ọ́. Ó dúró. Oníjàkadì ló mọ bí èèyàn ṣe ń dúró síbi tó ti ń dun ún láìfi ẹsẹ̀ sẹ́yìn.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò sọ pé akọni òyìnbó náà wà tí kì í sọ̀rọ̀. Tarzan ńkọ́? Ẹ ṣeun, mo ń retí yín. Johnny Weissmuller gba àmì ẹ̀yẹ wúrà márùn-ún nínú ìwẹ̀ odò ní Òlíńpíìkì 1924 àti 1928, kí wọ́n tó mú un wá ṣe Tarzan ní 1932. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀ kò sì ju ti ọmọ ọdún méjì lọ. Gordon Scott, tó ṣe Tarzan nínú fíìmù 1957 tí Orlando wà nínú rẹ̀, ẹni tó ń ṣọ́ àwọn tó ń wẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Las Vegas ni kí wọ́n tó rí àyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà. Bí Tarzan kò bá sọ̀rọ̀, ìtàn ń bá a sọ ọ́: òun ni kámẹ́rà ń tẹ̀ lé, òun ni igbó ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Àìsọ̀rọ̀ tirẹ̀, agbára ni. Ti Blossom, àìní ni, wọ́n sì sọ ọ́ di ìwà rere fún un. Orlando jẹ́ olóyè nínú fíìmù Tarzan náà, orúkọ tó ń jẹ́ níbẹ̀ ni Ogonooro. N ò fẹ́ sọ̀rọ̀ orúkọ mọ́.

Ṣé àwa mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí? Nílé wa níbí, ibi tí agbára wà kì í ṣe iṣan. Bí ẹ bá gbọ́ oríkì àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí, tí àwa ará Ìkòyí yìí fi ń yangàn, ẹ ò ní gbọ́ bí apá wọn ṣe tóbi tó. Ibi tí ọgbẹ́ wà lára wọn lẹ máa gbọ́: iwájú ló gbọ́dọ̀ wà, àbùkù ni bí wọ́n bá bá a lẹ́yìn. Nínú sinimá wa, ẹnu lagbára wà. Ní Aiyé, tí Hubert Ogunde gbé jáde ní 1979, Ọ̀ṣẹ́túrá kò na ẹnikẹ́ni lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ ló fi ń bá àwọn àjẹ́ jà. Ẹ rántí Àrélù ti Jimoh Aliu lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ rántí Fádèyí Olóró. Kò sẹ́ni tó wọn apá Fádèyí wò. Ó ṣí ẹnu, ọfọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà, àwa àgbà pàápàá ń fa ẹsẹ̀ sókè lórí àga.

Mo fẹ́ràn rẹ̀, kí ni n óò ti ṣe, èdè niṣẹ́ mi. Àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ kí n rí ìhà kejì. Àwa náà ti pín ìka àti àyà. Ẹni tó ní ọfọ̀ ni ọ̀gá, ẹni tó ní apá ni bọ́ńsà, bọ́ńsà kì í sì sọ̀rọ̀. Ní London, wọ́n pa Orlando lẹ́nu mọ́ nítorí pé ó dúdú. Ní Ìbàdàn, wọ́n pa ọmọ wa lẹ́nu mọ́ nítorí pé ó ki. N ò sọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n o. Ẹni tó bá fi wọ́n wé ara wọn tán pátápátá ti ń ṣàsọdùn. Ṣùgbọ́n ọmọ náà rí ara rẹ̀ nínú Blossom kí n tó la ẹnu, n ò sì lè sọ fún un pé ojú rẹ̀ ló ń tàn án jẹ.

Nígbà tí Orlando padà wálé, ó tún ṣe fíìmù. Ní 1970, Ossie Davis, ọmọ Amẹ́ríkà, wá darí Kongi's Harvest níbí, láti inú eré Wole Soyinka. Soyinka fúnra rẹ̀ ló ṣe Kongi, Rasidi Onikoyi ló sì ṣe Ọba Danlọ́lá (orúkọ yẹn máa ń mú inú èmi ará Ìkòyí dùn láìnídìí). Orlando ti lé ní 70 ọdún. Orúkọ tí wọ́n fún un ni Dókítà Gbénga. Ẹ gbọ́ o: Dókítà. Gbénga. Oyè ìwé, àti orúkọ tí ìyá kan lè pe ọmọ rẹ̀. Kò sí àmì K' níwájú rẹ̀. Ara ti rẹ̀ nígbà yẹn, àyà kò rí bíi ti Black Butcher Johnson mọ́. Fíìmù náà ní àléébù, ipa náà kò sì tóbi, ṣùgbọ́n ìgbà tí mo bá dé ojú rẹ̀ níbẹ̀, mo máa ń dá a dúró díẹ̀. Ó gba kí iṣan dínkù kí wọ́n tó fún un ní ìwé kà.

Kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó lọ lọ́jọ́ náà, mo ní kó dìde, kó dúró fún mi bó ṣe dúró nínú fíìmù tiwọn. Ó ká apá mọ́ àyà, ó na ọrùn, orúnkún rẹ̀ gan bí igi. Mo ní kó jókòó. Mo dá The Hasty Heart padà síbi ìlẹ̀kẹ̀ náà, mo ní kó má wo apá, kó wo bí ọkùnrin náà ṣe gbé ìwúwo rẹ̀ kalẹ̀. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹrin, òun fúnra rẹ̀ ló dìde, ó rọ orúnkún, ó jẹ́ kí apá wálẹ̀. Aya mi tó ń kọjá lọ sí kíṣìnnì ní, "Háà, kí lo ṣe tó o fi dàgbà báyìí?"

Wọ́n ti tún pè é. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ní òun bi wọ́n pé kí lòun máa sọ, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fún un ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta: "Ọ̀gá ti dé." Ó pè mí lórí fóònù láti béèrè bóun ṣe máa sọ ọ́. Mo ní kó sọ ọ́ jẹ́jẹ́.